Éríà Ọ̀gá Mi Ni Mo Jí, Wọ́n Sì Jí I Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ọkọ tó já ìyàwó sílẹ̀, kó ṣí ìwé ìròyìn yìí síwájú, ó máa rí i. Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ fóònù ni, àti ọ̀rọ̀ orúkọ. Síbẹ̀, omijé tí mo sun lórí ẹ̀, mi ò sun irú ẹ̀ lórí ọkùnrin kankan rí.

Safurat lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ń tún fóònù ṣe ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá obìnrin náà máa ń tún fóònù ṣe. Ìbéèrè yẹn ti sú mi. Bí fóònù yín bá bọ́ sómi, ẹ gbé e wá, ẹ ó rí i bóyá obìnrin ń ṣe é.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Adéríbigbé, ní ìlú Ọ̀yọ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láyé ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gun òrùlé lọ yí éríà. Nígbà tí fóònù dé, àwọn tí wọ́n jọ ń tún rédíò ṣe pa ṣọ́ọ̀bù tì. Ọ̀gá mi ò pa tiwọn. Wọ́n ra fóònù tó ti kú, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, tí àwọn èèyàn ti jẹ, tí wọ́n ti mu, tí wọ́n ti lọ, wọ́n pè mí wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣí ìdérí fóònù tiwọn hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, nítorí orí ẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí dá lé. Nínú fóònù, éríà kan wà tó ń gbọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, apá kan ṣoṣo ni éríà yẹn ní, ara fóònù fúnra ẹ̀ ló fi ń ṣe apá kejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ti di fóònù mú gírígírí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sá lọ. Ọwọ́ yín ló ti dí i létí.

Ọ̀gá mi gé bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí apá méjì tó dọ́gba, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí, débi pé kò wá ara fóònù fún ìrànlọ́wọ́ mọ́. Ẹ dì í mú bó ṣe wù yín, kò mì. Bí wọ́n sì ṣe gé etí apá méjèèjì tó ń fẹ̀ bọ̀ láti ìdí, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbọ́, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Àwọn àgbẹ̀ ń wọ mọ́tò láti Ìkòyí-Ilé wá sí Ọ̀yọ́ nítorí ẹ̀.

"Safu," ni wọ́n wí, "mi ò bímọ. Ilé tí mo kọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa pín in. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mi pè láyé yìí ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn. Má fi han ẹnikẹ́ni títí mo fi máa rí ẹni tó máa bá mi gbé e dé ibi tó yẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ó ku ohun kan. Nínú fóònù, kò sí wáyà gígùn, torí náà bó o ṣe rí i yẹn náà la ṣe ń so ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá fẹ́ so ó mọ́ wáyà gígùn, irú èyí tó ń lọ sára tẹlifíṣọ̀n, wá bá mi kó o tó ṣe é. Nǹkan kékeré kan wà tá a máa ń fi sáàárín. Bí kò bá sí níbẹ̀, wáyà gan-an á di éríà, á sì máa purọ́ fún ẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo fi Kùránì búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọn ò ní kí n búra o. Ẹnu mi ló yá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bá mi búra mọ́.

Mo kó wá sí Under G, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é rí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì gbé mi ṣánlẹ̀. Mo wá lọ fi àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ibùgbé. "Àǹtí Fóònù" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á wọlé ní ọmọ kékeré tí ò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà wọ́n á dé fìlà onígun mẹ́rin ti ìkẹ́kọ̀ọ́yege wá ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti lọ, inú mi á máa ta mí.

Ibi tí Fisáyọ̀ Akínpẹ̀lú bá mi nìyẹn.

Ọmọkùnrin náà ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ó mọ̀wé, ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbé bàbà gígé kan wá, ó ní kí n bá òun fi léèdì so ó, nítorí ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Mo wò ó, ẹ̀rín pa mí. "Ta ló gé èyí? Ṣé eku?"

"Kọ̀ǹpútà ló yà á, Àǹtí Safu."

"Gbé e padà fún kọ̀ǹpútà, kó wá so ó."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún méjì àbọ̀ rèé tí mo ti wà lórí ẹ̀. Áńtẹ́nà fóònù ni, èyí tẹ́ ẹ ń pè ní éríà. Apá méjì tó dọ́gba ló yẹ kó ní, kí ọwọ́ èèyàn má baà dí i. Ó sì yẹ kó gbọ́ gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí mo bá mú un dọ́gba, kì í gbọ́ ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ. Bí mo bá mú un gbọ́ gbogbo ẹ̀, ọwọ́ á tún máa dí i. Ó ti sú mi pátápátá."

Mo gbé ojú sílẹ̀. Ohun tí ọmọ yìí ti ń wá fún ọdún méjì àbọ̀, ẹ̀yìn fóònù mi tó wà lórí tábìlì ló wà. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo bu omi mu. Mo so bàbà rẹ̀ tí eku gé fún un, ó lọ.

Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ra ọsàn dání. Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè bí ẹni pé mo mọ nǹkan, á sì dúró gbọ́ èsì. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ní Under G? Ẹni tó bá ti gba fóònù ẹ̀ tán, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń rí.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí Safu, ìwé tí mo fẹ́ kọ lórí iṣẹ́ yìí, gbogbo àgbáyé ló máa kà á. Ẹni tó bá lè ràn mí lọ́wọ́, orúkọ ẹni yẹn máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹ wò ó."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tẹ orúkọ ara ẹ̀ sójú ìwé, ó wá tẹ orúkọ mi tẹ̀ lé e. Safurat. Lẹ́tà dúdú lórí ìwé funfun. Mi ò rí orúkọ mi níbi báyẹn rí, àfi lára ìwé èsì ìdánwò tí mo fìdí rẹmi.

Ọwọ́ mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi. Mo gbé fóònù mi, mo ṣí ìdérí ẹ̀, mo tì í síwájú ẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó di fóònù mú gírígírí, ó wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kò mì.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí mo fi hàn án. Ìgbà tó béèrè yẹn ni.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan. Mo jókòó, mo rò ó, ó sì yé mi."

Ahọ́n mi ò tilẹ̀ kọsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi níwájú àwọn oníbàárà. "Ẹnjiníà Safurat!" ló wí. Ẹ ò rí mi lọ́jọ́ náà. Orí mi wú.

Oṣù méje la fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Èmi gé, èmi so, òun wọ̀n ọ́n, òun sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀yọ́. Ọ̀gá mi pè mí.

"Safu, ojú ẹ wọ́n. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí, sà. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ á máa pọ̀ sí i. Má gbàgbé wa o."

Onígbàgbọ́ ni wọ́n, síbẹ̀ gbogbo ọdún Iléyá ni mo máa ń fọwọ́ ara mi gbé itan àgbò lọ fún wọn, tí a ó sì jọ jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún yẹn, awakọ̀ ni mo fi rán. Ojú wọn ni mi ò lè wò.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a parí, Fisáyọ̀ ní a ò lè wọ̀n ọ́n nínú ìlú, nítorí ariwo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú á da ẹ̀rọ ìwọ̀n láàmú. A gbé e lọ sóko ẹ̀gẹ́ kan ní Ìkòyí-Ilé. A ri igi mọ́lẹ̀, a gbé áńtẹ́nà lé e lórí, Fisáyọ̀ sì fa wáyà láti ibẹ̀ wá sára ẹ̀rọ tó yá. Ìlà kan máa ń hàn lójú ẹ̀rọ náà. Níbi tí ìlà yẹn bá ti rì wálẹ̀, ibẹ̀ ni áńtẹ́nà ti ń gbọ́ dáadáa. Bí ibi tó rì bá fẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀ ló máa gbọ́.

Mo wo wáyà yẹn bó ṣe gùn tó, mo rántí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá mi.

"Fisáyọ̀, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sáàárín."

"Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Ó wà nínú ìwé. Mo ti fi sí i rí, ó máa ń dín fífẹ̀ ẹ̀ kù ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó láìfi í sí i ná."

Ó tan ẹ̀rọ. Ìlà náà rì wálẹ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí àwo ọbẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Fisáyọ̀ pariwo. Ó ń jó láàárín ẹ̀gẹ́.

"Àǹtí Safu! Ẹ wò ó! Kò sẹ́ni tó rí irú èyí rí!"

"Ṣé òótọ́ ni ohun tó ń sọ ṣá?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí bí ìlà yẹn ṣe rẹwà ni?"

Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ohùn Ọ̀gá mi ń dún létí mi pé wáyà á máa purọ́ fún ẹ. Mo tilẹ̀ yọ fóònù láti pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Wáyà wo? Ta lo ń bá so ó?" Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ti fóònù padà sápò, èmi náà bá Fisáyọ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kéde ìpàtẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn olùṣèwádìí á ti gbé iṣẹ́ wọn jáde. Àwọn tó ń ṣe fóònù máa wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó bá sì ta yọ, wọ́n máa gbé e lọ ṣe, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́. Mo lọ bá Fisáyọ̀, mo jẹ́wọ́.

"Mo purọ́ fún ẹ. Kì í ṣe èmi ni mo rò ó. Ọ̀gá mi ló ni ín, Bàbá Adéríbigbé, ní Ọ̀yọ́. Jọ̀ọ́, fi orúkọ wọn sí i. Bí kò bá sí àyè, yọ tèmi, kó o fi tiwọn sí i."

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Àǹtí mi, ìyẹn ò le rárá. Tiyín á wà, ti Bàbá á wà. Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò fi ní gbà á gbọ́? Ẹni tó ti jẹun nínú abọ́ mi fún oṣù méje! Mo pe Ọ̀gá mi, mo ní kí wọ́n wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n rí. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá rí orúkọ wọn lójú ògiri gbàgàdà, ayọ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n bi mí bó ṣe débẹ̀.

Wọ́n dé nínú agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ tó ń dún páú. Wọ́n ti ra dígí ojú tuntun. Ẹ̀yìn la jókòó sí, èmi àti wọn.

Fisáyọ̀ gun orí pèpéle. Àwòrán àkọ́kọ́ yọ lójú ògiri. Orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní ó ṣì máa dé. Ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Ó sọ̀rọ̀ bí òun ṣe ronú jinlẹ̀, bí òun ṣe gé e, bí òun ṣe so ó. Nígbà tó dórí ìdúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ ẹ̀, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yá a ní jẹnẹrétọ̀! Lẹ́yìn náà ló sọ pé ó tán.

Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Jẹnẹrétọ̀ rí ọpẹ́ gbà, èmi ò rí.

Ọ̀gá mi bọ́ dígí, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú. Àwòrán apá bàbà méjèèjì ṣì wà lójú ògiri.

"Safu, ṣé éríà mi kọ́ nìyẹn?"

Mo tẹjú mọ́ pèpéle.

"Safu, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Sà," ni mo wí.

Nígbà yẹn wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sórí tábìlì, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, ìlà sì tẹ́ lọ rẹrẹ bíi ti oko ẹ̀gẹ́. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbùkúnọlá, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, dìde lọ síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fọwọ́ kan wáyà yín?"

"Wáyà, mà?"

"Ẹ̀n, wáyà ni."

Ìyá náà di wáyà mú. Ìlà fò sókè. Wọ́n tú u sílẹ̀, ìlà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún dì í mú, ó tún fò. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ò kan áńtẹ́nà ẹ o. Wáyà ni mo dì mú. Èwo gan-an ló wá ń gbọ́ nínú méjèèjì?"

Òógùn bo Fisáyọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú ẹ̀ wá bà lé mi lẹ́yìn. Mo rí i nígbà tó pinnu.

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Under G ni mo gbé e fún kó bá mi so ó. Safurat lorúkọ ẹ̀. Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Kò kàwé, mà. Ó gbàgbé ohun tó yẹ kó fi sáàárín."

Gbogbo orí yí padà. Orúkọ tí mo fi oṣù méje dúró dè, wọ́n ti pè é. Obìnrin kan! Àǹtí Safu ti di obìnrin kan. Ó mọ̀ pé mo sọ fún òun. Ojú ẹ̀ kò fì, ohùn ẹ̀ kò gbọ̀n. Ọ̀dàlẹ̀ ọmọ! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo fò dìde.

"Irọ́ ni! Mi ò gbàgbé nǹkan kan! Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe so ó! Bàbá Adéríbigbé ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀! Àwọn rèé!"

Mo na ìka sí wọn.

Ìka mi ṣì wà lókè. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọ̀gá mi ò wò mí. Wọ́n ká agbádá sí èjìká, wọ́n rìn lọ síwájú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì wà níbí?"

Wọ́n wá a fún wọn. Ọ̀gá mi ní kí Fisáyọ̀ mú okùn ṣájà kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá. Wọ́n fọ́ kókó dúdú tó wà lára okùn náà, wọ́n yọ òrùka dúdú kan nínú ẹ̀, wọ́n gé wáyà tín-ín-rín, wọ́n wé e mọ́ ọn, wọ́n so ó sáàárín éríà àti wáyà gígùn. Wọn ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá.

Ìlà náà ò fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n di wáyà mú. Kò mì. Wọ́n fà á, wọ́n lọ́ ọ. Kò mì. Àwọn èèyàn dìde lórí àga, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ bírò. "Bàbá, iṣẹ́ yín ni èyí. Ẹ sọ orúkọ yín kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Ohun tí Ọ̀gá mi ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá ló dé yẹn. Wọ́n bọ́ dígí wọn.

"Wọ́n ti pè é, mà."

"Ta ló pè é?"

"Ọmọ mi ni. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Ó ní èmi ni mo kọ́ òun ní àṣìṣe. Ọmọ tí mo kọ́ lọ́dún mẹ́rin, bí ó bá máa pe orúkọ mi níwájú èèyàn, tó jẹ́ ẹ̀sùn ló fi pè é, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí nǹkan kan."

Ọ̀gá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n ti wọ mọ́tò.

Nígbà tí mo padà wọlé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbùkúnọlá sọ níwájú gbogbo èèyàn pé bí Bàbá ò bá fi orúkọ sílẹ̀, kò sí orúkọ ẹlòmíì tó máa gbabẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ nọ́ńbà fóònù tiwọn fún mi. "Lọ bẹ̀ wọ́n," ni wọ́n wí. "Mo máa fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo." Fisáyọ̀ gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Títí di òní, bó bá rí mi ní Under G, á fò sí òdìkejì títì.

Mo ṣépè fún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo pè é lólè, mo pè é ní ejò, mo ní kò ní rí àánú gbà. Ọjọ́ kẹjọ ni mo wá kà á lọ́kàn mi bó ṣe ṣẹlẹ̀: nígbà tí ọlá ń bẹ níbẹ̀, ó ní òun nìkan ni; nígbà tí ìtìjú dé, ó pe orúkọ mi. Mo wá rí i pé kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ tí èmi ò kọ́kọ́ ṣe fún Ọ̀gá mi, àti ti ọlá, àti ti ìtìjú. Kò jẹ́ kí ohun tí Fisáyọ̀ ṣe dín kù. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà mí láti ṣépè mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, bí wọ́n bá bi yín pé ta ló kọ́ yín, ẹ dárúkọ ẹni yẹn kíá, kí adùn ìyìn tó dí yín lẹ́nu. Ó rọrùn gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rọrùn mọ́.

Mo lọ sí Ọ̀yọ́. Tábìlì gígùn kan ló pín ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá mi sí méjì. Oníbàárà ń jókòó níwájú ẹ̀. Àwa tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, ì báà ti tó ogún ọdún tá a ti gba fúrídọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn tábìlì la máa ń wọ̀ lọ tààrà, ẹnikẹ́ni kì í bi wá léèrè.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ẹ dìde, mà. Ẹ kú ìrìn."

Mo dìde. Ara mi ti mọ ọ̀nà, mo yà sí ẹ̀yìn tábìlì. Wọ́n na ọwọ́ dí mi. Wọn ò fi ìbínú ṣe é.

"Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Iwájú níbí."

Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa àga oníbàárà fún mi, wọ́n nu orí ẹ̀. Mo jókòó. Mo sọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, mo ní wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ wọn, mo ní kí wọ́n ṣàánú ara wọn bí wọn ò bá lè ṣàánú mi. Mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátá.

Lẹ́yìn náà wọ́n fi dígí sójú, wọ́n fa àtùpà tábìlì súnmọ́ra.

"Kí ló ṣe fóònù yín?"

Kò sóhun tó ṣe é. Mo yọ ọ́ lápò, mo gbé e lé tábìlì fún wọn.